Ìgbà tí Bàbá Mi Bá Mi Dé Odò Ẹja Trota

Ẹja ni mo fẹ́ràn jù láyé, kì í sì í ṣe torí àtijẹ. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mò ń jẹ ẹja bí gbogbo èèyàn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ata sè é. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń jí mi ní ìdájí láìsí aago ni kí n dúró nínú omi tútù, ọ̀pá lọ́wọ́ mi, kí n máa wo ibi tí ẹja kan wà tí kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Àìsàn yìí ti wà lára mi láti kékeré, bàbá mi ló sì kó o ràn mí.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi, àwọn ọmọ ìlú wa sì ń bẹ̀rù wọn gidi. Ṣùgbọ́n bó bá ti di Sátidé, wọ́n á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀pá ọparun méjì léjìká, èmi á gbé agolo ekòló tẹ̀lé wọn, ó di odò Ọ̀yán. Ìyá mi á máa pariwo lẹ́yìn wa pé, "Ọmọbìnrin wo ló ń fọwọ́ mú ekòló? Ta ló máa fẹ́ ẹ?" Bàbá mi á kàn ní kí n yára. Omi Ọ̀yán pọ́n, ẹja ò rí wa, a sì máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wá. Gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó bá kọjá ni bàbá mi máa kí, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ. Mo fẹ́ràn wọn níbẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn nílé lọ. Nílé, ọ̀gá ni wọ́n. Létí odò, bàbá mi ni wọ́n.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo wá kàwé ní Padova, ní Ítálì, mo sì gba yàrá lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ wọn ti kú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá wọn gbé igi ìdáná láti cantina, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Mo rí ọ̀pá kan níbẹ̀ nínú àpò aṣọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń tẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ. Mo bi wọ́n pé kí ni. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ọ̀pá ìpẹja ọkọ àwọn ni. Mo ní bàbá mi náà ń pẹja. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. A gbàgbé igi ìdáná sílẹ̀.

Ọ̀pá yìí ò dà bíi tiwa. Èèyàn kì í ju ìwọ̀ sódò kó wá jókòó dè é. Okùn rẹ̀ ló wúwo, ìdẹ rẹ̀ fúyẹ́, okùn ló ń gbé ìdẹ lọ. Èèyàn á fi ọ̀pá na okùn sẹ́yìn, á dúró díẹ̀ kó nà tán, á wá nà án síwájú. Dídúró yẹn ló ń ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìyá náà so òwú pupa díẹ̀ mọ́ ẹnu okùn fún mi, wọ́n ní kí n máa kọ́ ọ nínú àgbàlá. Wọ́n á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á máa pariwo pé, "Aspetta! Aspetta!" kí n dúró, kí n ní sùúrù. Aṣọ tí wọ́n sá sí àgbàlá ni okùn mi kọ́kọ́ wé mọ́. Ìdẹ rẹ̀ ló tún yà mí lẹ́nu jù. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ àti òwú ni, tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ tí kò ju ọmọ kòkòrò lọ, títí tó fi jọ eṣinṣin tó bà sójú omi. Mosca, ìyẹn eṣinṣin, ni wọ́n ń pè é. Ìyá yìí ló máa ń dì í fún ọkọ wọn lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n sì kọ́ mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹja tó bá jẹ ìyẹ́ adìẹ, ó tọ́ sí i kí wọ́n sè é.

Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú, a jọ lọ sí odò kan lókè Bassano. Omi náà mọ́ débi pé mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí mò ń wo inú ife. Ẹja kan yọ ẹnu, ó gbé eṣinṣin mi, mo sì fà á dé ẹsẹ̀ mi. Trota ni wọ́n ń pe ẹja yẹn, ẹja omi tútù tó ń gbé lórí òkè, ara rẹ̀ kún fún àmì pupa róbótó-róbótó. Mo ti ń ro bí àlùbọ́sà ṣe máa pọ̀ tó nínú ọbẹ̀ nígbà tí ìyá náà ní kí n dá a padà sómi. Inú bí mi! Mo ní kí la wá wá ṣe nígbà náà? Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe é ná. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ẹja náà mú jẹ́jẹ́ nínú omi, ó ń mí, ó ń mí, ó sì yọ́ lọ láàrin ìka mi. Ni mo bá bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, mi ò tíì sunkún rí. Ìyá náà bu kọfí fún mi nínú fìláàsìkì.

Nígbà tí mo parí ìwé, iṣẹ́ láàbù gbé mi lọ sí Torino, ìyá náà sì gbé ọ̀pá ọkọ wọn fún mi. Gbogbo Sátidé tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, láti ìgbà tí yìnyín bá ti ń yọ́ títí òtútù á fi padà dé, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Cuneo, màá sì wọ corriera, bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní fabbrica, ìyẹn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, sọ mí di Sister Apẹja. Bí mo bá dé ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní, "Sister, ẹja dà?" Màá ní mo ti dá a padà sómi. Wọ́n á wo ara wọn lójú. Nígbà tó yá, wọ́n pinnu láàrin ara wọn pé kò sí ẹja kankan, pé ọkùnrin kan ni mo lọ ń rí lórí òkè, wọ́n sì ń gbàdúrà kó jẹ́ onígbàgbọ́.

Àwọn ará ilé ò fi tiwọn ṣàwàdà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò lọ́kọ, mo sì ń dá gbé. Ìròyìn tó ń lọ nílé lásìkò yẹn nípa àwọn ọmọbìnrin wa tó ń dúró lójú títì lóru ní Torino kò dùn ún gbọ́ létí. Ìyá mi ò sọ ọ́ sí mi lójú rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí lórí tẹlifóònù pé, "Iṣẹ́ wo gan-an lo tún ní ò ń ṣe?" mo mọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ni ẹbí bá ṣèpàdé. Wọ́n wá iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi n'Íbàdàn, wọ́n sì ní kí bàbá mi lọ mú mi wálé.

Bàbá mi dé nínú oṣù kẹfà, pẹ̀lú gàrí, ẹ̀gúsí, àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ méjì, ọ̀kan lórúkọ wọn, ọ̀kan lórúkọ mi. Wọ́n gbé e sórí tábìlì mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn ò sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. A ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀.

Mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mo fẹ́ràn odò mi, mo fẹ́ràn yàrá mi tó kéré. Ṣùgbọ́n nílé wa, wọn kì í sọ fún bàbá mi pé rárá. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ẹgba ń bà mí, mo ti kọjá ẹni tí wọ́n ń nà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò sí lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, àti ìyá mi máa pé jọ sílé aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, káwa náà pè wọ́n, ká sọ ọjọ́ tí àwa méjèèjì máa balẹ̀. Sátidé pé, mi ò tíì rí nǹkan kan sọ. Mo kàn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sódò."

Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n wá fi jákẹ́ẹ̀tì òtútù mi lé e lórí. Nígbà tí a dé etí odò, tí mo wọ bàtà rọ́bà mi tó gùn dé àyà, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyá mi, àwọn panápaná ló kó aṣọ yìí fún ẹ?"

"Bàbá! Kí omi má baà wọlé sí mi lára ni, sà."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ odò, wọ́n yára fà á yọ. "Ah! Omi fìríìjì rèé! Ẹja ń gbé inú èyí?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹja ibí ń rí èèyàn, ó sì ń rí òjìji èèyàn, pé ká rọra rìn, ká má sọ̀rọ̀ sókè, ká má sún mọ́ etí omi. Wọ́n ní kò burú. Mo wọnú omi, mo sì rí trota ńlá kan lẹ́yìn àpáta, ó ń yọ ẹnu jẹ́jẹ́. Lókè díẹ̀, ní òdìkejì odò, bàbá Ítálì kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ bá ẹja tirẹ̀. Bàbá mi rí i. Ẹ sọ fún mi, Yorùbá wo ló máa rí àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́, tó máa wá kọjá bí ẹni tí ò lẹ́kọ̀ọ́?

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ohùn ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n fi kí i. Wọ́n ti rìn dé bèbè pátápátá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ kú orí ire o! Olúwa á bùkún iṣẹ́ yín o!"

Òjìji wọn, pẹ̀lú fìlà, nà gbalaja lórí omi. Ẹja mi sá. Ẹja bàbá yẹn náà sá. Mo rí i tó dìde, tó ń ká okùn rẹ̀, tó ń la omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ata. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lédè Ítálì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀rọ̀, bàbá mi ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n.

"Bi í pé ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà wo bàbá mi, ó wo èmi, ó tún wo odò tí gbogbo ẹja ti sá kúrò nínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun bí ọmọkùnrin kan, pé ó wà lọ́nà jíjìn ní Pordenone, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fìríìjì, ṣùgbọ́n kì í pe òun. Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún bàbá mi.

"Á pè," bàbá mi wí. "Sọ fún un pé mo ní á pè. Iṣẹ́ ló ń gba àkókò àwọn ọmọ."

Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà gé wàràkàṣì fún wa pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì gba apá òkè lọ, ó ń mi orí. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín.

Bàbá mi jókòó sórí òkúta, wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní kí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rìn lọ sókè díẹ̀, mò ń na okùn, mò ń dúró, mò ń nà án. Ó pẹ́ kí ẹja kan tó gbà. Nígbà tó gbà, ó sáré wọnú ìṣàn omi, ó tẹ ọ̀pá mi bí ọrun ọdẹ. Mo rọra fà á dé ẹsẹ̀ mi, mo gbé e sókè díẹ̀ kí bàbá mi rí i, mo yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo sì tú u sílẹ̀.

"O dá a padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó kéré ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ọlọ́pàá máa mú ẹ ni?"

"Wọn ò gbà kéèyàn pa á lápá ibí, sà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gbà pàápàá, màá dá a padà."

Wọ́n ń wo ibi tí ẹja náà gbà lọ. "Kí lo wá ń mú lọ sílé?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Tí mo bá ti ibí dé, mo máa ń rí oorun sùn ni."

"O kì í sùn tẹ́lẹ̀?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ ohun tí mi ò kọ sínú lẹ́tà kankan rí: pé odindi ọdún tí mo kọ́kọ́ lò ní Padova, mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n máa gbọ́ bí omi gbígbóná ṣe ń gba inú irin ara ògiri kọjá, tí màá máa bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe; pé àárò wọn sọ mí débi tí mò ń rí wọn lójú títì lára àwọn ẹlòmíràn; pé láti ọjọ́ tí ìyá onílé mi ti gbé ọ̀pá lé mi lọ́wọ́ ni ara mi ti ń balẹ̀. Bàbá mi ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n kàn ní, "Gbé ọ̀pá yẹn wá."

Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo di jákẹ́ẹ̀tì wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀. Mo ní, "Ẹ nà án sẹ́yìn, sà, kẹ́ ẹ wá dúró." Wọn ò dúró. Wọ́n nà án bí wọ́n ṣe máa ń na ọparun ní Ọ̀yán, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ìwọ̀ há sára fìlà, ó ṣí i kúrò lórí wọn, ó fò ó sáàrin odò, okùn sì já.

"Fìlà mi!"

Mo sáré tẹ̀lé fìlà. Ẹni tó bá ti fi bàtà rọ́bà sáré nínú odò rí á mọ̀ pé eré pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo ṣubú, omi wọ inú bàtà, mo dìde, mo tún ṣubú, kí n tó rí fìlà mú níbi tó há sí láàrin òkúta. Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi ti jókòó sílẹ̀, wọ́n di ikùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń jáde lójú wọn. Mo dúró síwájú wọn, mo na fìlà sí wọn, ìgbà yẹn ni mo sì tó rí orí wọn. Irun wọn ti funfun tán, ó ti fọ́nká. Ọrùn wọn ti tín-ín-rín nínú jákẹ́ẹ̀tì mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti wà nílé mi, mi ò wò wọ́n dáadáa. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò.

Àánú wọn ṣe mí, ìfẹ́ wọn sì gbé mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàbá, màá bá yín lọ." Kì í ṣe torí ẹ̀rù. Ó ti inú mi wá, mo sì ti ń dágbére fún odò náà bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá mi fún fìlà wọn, omi ń ro tótó. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu wọn.

"Ìyá mi," wọ́n ní, "ọmọ kan tí ìyà ń jẹ ni wọ́n ní kí n wá mú. Láti ilé ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún un. Mo dé, mo wá a, wá a, mi ò rí i."

Wọ́n dìde, wọ́n ní ká máa lọ, pé àwọn ará ilé ń retí wa. Mi ò lè bi wọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ yẹn já sí. Mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà rọ́bà mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rìn dé cabina, ìyẹn àgọ́ tẹlifóònù, tó wà lójú títì níbi tí corriera ti máa ń dúró, omi ń dún nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo ti káàdì bọ̀ ọ́, mo tẹ nọ́ńbà, mo sì gbé e fún wọn. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn láti ibi tí mo dúró sí, nítorí wọ́n ń pariwo bí ẹni tó ń pe wá láti orí òkè kejì.

"Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi nìkan."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń béèrè bóyá mo kọ̀ ni, bóyá mo ti wá di ẹni tí kì í gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Mo gbọ́njú mọ bàbá mi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn yìí. Mi ò rí ọjọ́ kan tí bàbá mi lòdì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn rí. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti ní kí wọ́n ṣe nǹkan, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì ṣe é.

"Rárá, kò kọ̀," bàbá mi wí. "Ó gbà. Ó ní òun máa bá mi wá. Èmi ni mo ní kó dúró." Wọ́n gbé tẹlifóònù sí etí kejì. "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí. Kí ẹnikẹ́ni má bá ọmọ mi wí."

Mo kúnlẹ̀ sójú títì níbẹ̀, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, omi ń ṣàn lábẹ́ mi, àwọn tó ń dúró de corriera sì ń wò mí. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. Wọ́n ní, "Dìde, òtútù á mú ẹ." Mi ò dìde. Wọ́n ṣí ọwọ́ kúrò, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń gbọ́ yín, sà," wọ́n sì gbé ọwọ́ tó kù lé mi lórí, wọn ò gbé e kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n wọn fi bínú tán.